Ó Mọ̀ Mí, Kò Lè Gé Mi Jẹ

Ayé ti là. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń sin ẹja á jókòó síwájú gíláàsì, á máa wò ó, ó parí. Ìyẹn ti di ti ará àtijọ́. Ẹni tó bá lajú nísinsìnyí á bọ́ ẹ̀wù, á ní kí wọ́n gbé fóònù sókè, á sì bẹ́ sómi tọ ẹja tí ìkúùkù ènìyàn wọ ẹnu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ò gbẹ́yìn. Àrọ̀ onírù pupa, ti odò Amazon, ló rà nígbà tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹni tó tà á fún un ò sọ pé ó lè gùn ju mítà kan lọ. Bó ṣe ń dàgbà ló ń gbé àwọn ẹja yòókù mì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ń ka ẹja láràárọ̀, ẹja ń dín, ó ní ọmọ òun mọ oúnjẹ jẹ.

Lọ́jọ́ kan mo bá báńdéèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Eyín ẹja náà rí bíi sáńpépà káfíńtà. Ó ti bó awọ àtàǹpàkò ọ̀rẹ́ mi lọ.

“Kí ló ṣe ọ́?”

“Ó fẹnu kò mí lọ́wọ́ ni. Ó mọ̀ mí.”

Òótọ́ ni o, ẹja lè mọ ojú. Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí kan kọ́ irú ẹja tó ń tu omi lu kòkòrò lórí ewé pé kó máa dá àwòrán ojú ènìyàn kan mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ojú. Ó sì mọ̀ ọ́n. Kí ló wá ń ṣe bó bá ti rí ojú tó mọ̀? Ó ń tu omi lù ú, nítorí ó mọ̀ pé oúnjẹ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ tó ń fún ẹja lóúnjẹ lójoojúmọ́, ta ló ṣàlàyé fún ẹja ibi tí oúnjẹ parí sí tí ìka ti bẹ̀rẹ̀?

Àwọn mìíràn ní piranha, ẹja eléyín mímú, làwọn ń bá wẹ̀, wọ́n ń fọ́nnu. Piranha gan-an lójo nínú wọn! Àfi bí omi bá fà tí ebi ń pa á, tàbí tó ń ṣọ́ ẹyin, ló sábà máa ń gé ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Arapaima ò fi eyín halẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja tó ju mítà méjì lọ, bó bá ta gìrì tó forí sọ ọ́ láyà, wàá rántí gbogbo gbèsè tó o jẹ. Ti ẹja tó ń gbé iná tó tó 860 volt jáde, n ò fẹ́ sọ ọ́, kí ẹnì kan má baà gbìyànjú rẹ̀.

Omi náà ńkọ́? Bó o bá da chlorine, oògùn apakòkòrò inú omi, sí i, ẹja á kú. Bó ò bá dà á, inú ìgbẹ́ ẹja lò ń lúwẹ̀ẹ́. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Mycobacterium marinum sì wà tó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé látinú irú omi bẹ́ẹ̀. Egbò rẹ̀ kì í jinná bọ̀rọ̀, oògùn rẹ̀ lè gba oṣù mélòó kan.

Ọ̀rẹ́ mi ti ń múra fídíò kejì. Ó ní kí èmi náà bọ́ sómi. Mo ní ẹja yẹn ò mọ̀ mí.

“Má ṣèyọnu, n ó fi yín mọra.”

Ẹja wà nísàlẹ̀ omi, kò mira, báńdéèjì ló ń wò.