Èsì wa sí ìyá tó bá wa lọ wo afárá Golden Gate lọ́jọ́ òjò

Ẹ ǹlẹ́ o, mà. A dúpẹ́ pé ẹ kọ ohun tó wà lọ́kàn yín síta. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa. Ẹ ní a ò gbé yín gun òkè tó wà ní ìhà àríwá afárá bó ṣe wà nínú fọ́tò ìpolówó wa, ẹ ò rí orí òpó afárá, agboòrùn yín ya, ariwo kan tó ń dún lórí afárá sì kó jìnnìjìnnì bá màmá yín. Ẹ ní ká dá owó padà. A fẹ́ dáhùn kúlẹ̀kúlẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ ní San Francisco lásìkò òjò náà lè rí i kà.

Ọ̀rọ̀ òkè àríwá ló ṣe pàtàkì jù. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni òjò máa ń rọ̀ jù níbẹ̀, atẹ́gùn gúúsù ló sì sábà máa ń gbé e wá. Lórí òkè yẹn, Battery Spencer, ìhà gúúsù lèèyàn gbọ́dọ̀ kọjú sí kó tó lè rí afárá àti ìlú. Ojú yín gan-an ni òjò ì bá máa bọ́ sí. Omi á ti bo ojú kámẹ́rà kí ẹ tó tẹ fóònù, kò síbi téèyàn lè yà sí kó má tutù, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń yọ̀. A ò ní mú màmá tó ń fi ọ̀pá rìn débẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì yòówù kó bẹ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí a fi yà sí Crissy Field, pápá etí omi tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn afárá. Níbẹ̀, ìwọ̀-oòrùn lẹ kọjú sí láti wo afárá, ẹ̀gbẹ́ òsì ni atẹ́gùn gúúsù ti ń fẹ́ sí yín, igi àti òkè inú ọgbà Presidio sì ń dín agbára rẹ̀ kù.

Ní ti orí òpó, òjò kọ́ ló bò ó, àwọsánmà tó rẹlẹ̀ ni. Mítà 227 ni òpó kọ̀ọ̀kan fi ga ju omi lọ, abẹ́ afárá sì fi nǹkan bíi mítà 67 ga ju omi náà lọ. Tí àwọsánmà bá sọ̀ kalẹ̀ dé mítà 150, orí òpó á pòórá, ṣùgbọ́n gbogbo ìsàlẹ̀ á ṣì hàn gbangba. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti wò ó nígbà náà. Fort Point, odi ológun tí wọ́n fi bíríkì kọ́ láàárín 1853 sí 1861, wà lábẹ́ afárá gan-an. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ afárá ní àwọn ọdún 1930, dípò kí wọ́n wó odi yìí, irin ńlá tó tẹ̀ bí ọrun ni wọ́n gbé gba orí rẹ̀ kọjá. Kò sí ibi tí iṣẹ́ àwọn tó kọ́ afárá yìí ti hàn tó abẹ́ irin yẹn, ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú ni àwọ̀ ọsàn rẹ̀ sì máa ń yọ jù. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, òrùlé bíríkì sì wà lórí àwọn yàrá ìbọn, àmọ́ wọn kì í ṣí i lójoojúmọ́, ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra. Ẹ má sún mọ́ ṣéènì etí omi níta odi. Ìgbì máa ń fò kọjá ògiri níbẹ̀.

Ariwo tí màmá gbọ́ kì í ṣe pé irin fẹ́ já. Ní 2020 ni wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ pààrọ̀ ọwọ́ ìdìmú ìhà ìwọ̀-oòrùn kí ìjì lè ráyè kọjá, láti ìgbà náà sì ni ó ti ń dún bíi fèrè nígbà tí atẹ́gùn líle bá fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn. Ẹ bá wa sọ fún màmá pé àmì rere ló jẹ́: tí atẹ́gùn bá ti kúrò ní gúúsù tó bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn, òjò sábà máa ń fẹ́ dá nìyẹn. Ohun tí awakọ̀ wa ń dúró dè nìyẹn tó fi ní kí ẹ jẹun ná, tó di aago mẹ́ta kí ẹ tó gun afárá.

Afárá gùn tó kìlómítà 2.7. Lọ́jọ́ òjò, òpó àkọ́kọ́ tó. Kò tó kìlómítà kan láti ilé ìgbàlejò tó wà ní ìhà gúúsù afárá, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn ni kí ẹ gbà, a kì í sanwó. Ẹ yà wo gígé okùn irin ńlá tó gbé afárá dúró, tí wọ́n gbé síta lẹ́bàá ilé ìgbàlejò: okùn kan ṣoṣo ní wáyà 27,572 nínú. Agboòrùn ò lè dúró lórí afárá, ìdí tí a fi kọ “aṣọ òjò tó ní fìlà” sínú ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí yín nìyẹn. Bàtà káńbáàsì tí kì í yọ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan sí i, fóònù nínú ọ̀rá. Gèlè àti lẹ́ẹ̀sì, inú ọkọ̀ ni kí ó wà.

Ẹni tó bá ní òun á sún un sí oṣù kẹfà sí ìkẹjọ kó lè sá fún òjò, kó rò ó dáadáa. Omi òkun ibẹ̀ tutù gan-an, ilẹ̀ tó jìnnà sí òkun sì ń gbóná lásìkò náà, ooru yẹn ló ń fa kùrukùru gba ẹnu òkun wọlé. Ó lè bo afárá látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀lé òjò nínú oṣù kìíní máa ń mọ́ jù ú lọ.

Ti owó: ó wà nínú àdéhùn pé òjò nìkan kì í mú owó padà, àfi tí wọ́n bá ti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ pa, wọn ò sì tì í lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n òkè àríwá tí ẹ ò dé, a ó gbé yín lọ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì yín ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ mú ọjọ́ tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Aago mẹ́ta ọ̀sán la máa gbéra, torí pé láàárọ̀, oòrùn á kọjú sí kámẹ́rà yín lókè yẹn.