Kẹ̀kẹ́ orí òkè: ta ló ní eré ni?

Kìlómítà 13 ní wákàtí kan. Ẹ fi iye yẹn sápò ná, mo ń padà bọ̀ wá mú un.

Bí oṣù Kẹfà bá ti wọlé, oorun mi kì í pé mọ́. Ìgbà yẹn ni àwọn kan máa ń gbéra ní Banff, nílẹ̀ Kánádà, tí wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ ológeere gba orí òkè Rocky sọ̀kalẹ̀ sí gúúsù, títí wọ́n á fi kan Antelope Wells, níbi tí Amẹ́ríkà ti bá Mẹ́síkò pààlà. Tour Divide lorúkọ ìdíje ọ̀hún. Kò sí owó ìwọlé, kò sì sí ẹ̀bùn owó fún ẹni tó bá ṣe ipò kìíní. Ohun tó wà ni ẹ̀rọ kékeré kan tí oníkálukú so mọ́ kẹ̀kẹ́, tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, tí èmi tí mo nà sórí bẹ́ẹ̀dì n'Íbàdàn fi ń rí wọn lórí fóònù: àmì róbótó-róbótó lórí máàpù, tí ń rá bí èèrà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò mi yọjú wo fóònù náà. Mo ṣàlàyé fún un. Ó pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn wọ̀nyí á máa fò ni o! Ẹsẹ̀ wọn á ti di ẹ́ńjìnnì." Mo bi í pé eré mélòó ló rò pé ẹni tó ń ṣáájú ń sá. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Ó kéré tán, kìlómítà 40 ní wákàtí kan."

Ẹ má bá a wí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà nìyẹn, títí kan àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe eré ìdárayá láàárọ̀ Sátidé: pé ìdíje kẹ̀kẹ́, bó ti wù kó gùn tó, eré sísá ni, àti pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le jù ni yóò kọ́kọ́ dé. Lórí pápá, òótọ́ ni. Nínú ìdíje tó ń parí láàárín wákàtí 5, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú igbó, lórí òkè, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọ̀nà náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 4,400. Lọ́dún 2016, ọkùnrin ará Bìrìtìkó kan tó ń jẹ́ Mike Hall gùn ún parí ní ọjọ́ 13, wákàtí 22 àti ìṣẹ́jú 51. Kò tíì sẹ́ni tó ṣe é yára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà yẹn. Ẹ pín kìlómítà náà sí iye wákàtí tó lò. Ohun tí ẹ ó rí ni ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sápò: 13 ní wákàtí kan. Láti ìgbà náà àwọn mìíràn ti ṣe é ní ọjọ́ tó dín sí tirẹ̀, síbẹ̀ tí ẹ bá ṣe ìṣirò tiwọn náà, ẹ kò ní bá 20. Ẹlẹ́mu tó so kèrègbè mẹ́rin mọ́ kẹ̀kẹ́ láti oko ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá fẹ́ tètè bá ọjà.

Àbúrò mi ní mo ń rẹ́ òun jẹ, pé mo ti ka oorun àti oúnjẹ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kà á mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n bá ti dé òpin ti ọjọ́ kan, aago dúró. Wọn á wẹ̀, ẹnìkan á fọwọ́ ra wọn lẹ́sẹ̀, alásè á gbé oúnjẹ wá, wọn á sùn sórí ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì. Lórí Tour Divide, aago kì í dúró rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Banff, ó parí ní Antelope Wells. Bí o bá sùn, ó ń lọ. Bí o bá tò sórí ìlà nídìí káńtà ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ. Bí táyà rẹ bá jò, tí o jókòó sójú ọ̀nà tí ò ń lẹ̀ ẹ́, ó ń lọ.

Ẹ wá mú ẹni méjì. Ẹni àkọ́kọ́ lágbára, kìlómítà 20 ló ń gùn ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n wákàtí 14 ló ń lò lórí kẹ̀kẹ́ lóòjọ́. Ó ń sùn dáadáa, ó ń jókòó jẹun, ó ń ya fọ́tò. Ẹnìkejì kò lè ju 16 àti ààbọ̀ lọ, àmọ́ wákàtí 19 ló wà lórí kẹ̀kẹ́. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 280 lóòjọ́, ti ẹnìkejì lé ní 313. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, ẹni tí kò lè sáré ti fi ohun tó lé ní kìlómítà 300 ju alágbára náà lọ.

Kí ló dé tí alágbára kò kúkú sáré sí i? Atẹ́gùn ni. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, afẹ́fẹ́ ni ohun tí ẹlẹ́ṣin irin ń bá jà jù lọ, ìyẹn kì í sì í fi gbẹ̀fẹ́ gba owó rẹ̀. Kéèyàn kúrò ní 20 bọ́ sí 25, agbára tó ń fi bá afẹ́fẹ́ nìkan jà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ibi tí agbára ọ̀hún ti ń wá sì tún ṣe kókó. Ṣúgà tí ara ń kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 500 lọ. Tèèyàn bá ń tẹ pẹ́dà bí ẹni tí ajá ń lé, wákàtí díẹ̀ ni yóò fi tán, ojú á máa ṣú, ẹsẹ̀ á di òkúta. Tó bá ń tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọ̀rá ara ló máa ń jó jù, ọ̀rá sì wà lára ẹni tó rù pàápàá tó èyí tí yóò lò fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun mìíràn tún ni orúnkún, àti iṣan gígùn tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀. Àwọn yẹn kì í dárí ji ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe fáàrí agbára.

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ: "Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi." Rárá o. Ìyẹn tún jẹ́ irọ́ kejì. Ìgbín kọ́ ni Mike Hall. Ẹni tó ń lọ ní ẹ̀sọ̀ tó sì ń dúró ní gbogbo abúlé yóò dé ní ọjọ́ 25, ara rẹ̀ á sì le dáadáa. Kì í ṣe pé kéèyàn rọra lọ. Kéèyàn má ṣe dúró ni.

Ibi ìdúró yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa, nítorí òun ni ojú kì í rí. Mo ti wò ó lára ara mi. Lọ́dún tó kọjá mo gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, mo sì jẹ́ kí fóònù máa ka àkókò. Wákàtí 3 ni mo fi tẹ pẹ́dà. Wákàtí 5 ni mo fi dé. Níbo ni 2 lọ? Àkàrà ní Fìdítì, èyí tí obìnrin náà kò tíì dà sépo nígbà tí mo débẹ̀. Táyà jò lẹ́ẹ̀kan. Fọkanaísà ń sùn. Mo bá ọ̀rẹ́ kan pàdé n'Ílọrà, ẹ sì mọ̀ pé èèyàn kì í kí ọ̀rẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ kó máa lọ bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Tí mo bá fi gbogbo agbára mi sáré sí i, bóyá mo lè rí ìṣẹ́jú 15 dín kù. Àkàrà nìkan jẹ́ 35.

Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń ṣe nìyẹn: àkàrà ni wọ́n ń gé kúrò. Wọn á ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Wọn á da gbogbo rẹ̀ sínú àpò ara kẹ̀kẹ́, wọn á máa jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ rántí dínámò orí Raleigh àtijọ́, èyí tó ń fi ara gbo táyà kí iná lè tàn? Ọmọ ìyá rẹ̀ wà láàárín àgbá ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn báyìí, ó ń tan iná lóru, ó sì ń rọ fóònù lágbára, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó ti sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ilé oúnjẹ fún wákàtí méjì. Òfin ìdíje náà sì le: o kò gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé ọ, ọ̀rẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbé omi pàdé rẹ lójú ọ̀nà. Ohun tí gbogbo èèyàn lè rà ni ìwọ náà lè rà. Nítorí náà ẹni tó mọ bí a ṣe ń rajà kíákíá ń borí ẹni tó mọ bí a ṣe ń gun òkè kíákíá. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ oorun ló kù, òun ló sì le jù. Tí ìdúró bá burú tó báyìí, ṣé kéèyàn má sùn mọ́ ni? Ọ̀pọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Lael Wilcox, ọmọ Alaska, wà nínú ìdíje Trans Am lọ́dún 2016. Ojú títì lèyẹn, kì í ṣe inú igbó, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni wọ́n ń lò: láti Oregon ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dé Virginia ní ìlà-oòrùn. Ọkùnrin kan ló ń ṣáájú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé òpin, ọkùnrin yìí sùn ráńpẹ́, ó jí lóru, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì kọrí sí ibi tó ti ń bọ̀. Oorun àìtó ti dojú ayé rú mọ́ ọn lójú. Ó ń lọ títí ó fi rí iná kẹ̀kẹ́ kan tó ń bọ̀ lókèèrè: Lael ni. Ọkùnrin náà ní kí àwọn jùmọ̀ gùn ún dé òpin. Obìnrin náà fèsì pé ìdíje ni àwọn wà, ó sì tẹ pẹ́dà lọ. Òun ló ṣe ipò kìíní nínú gbogbo wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní ọjọ́ 18 àti ìṣẹ́jú 10.

Nítorí náà, oorun kì í ṣe ìdúró bí àwọn ìdúró yòókù. Òun nìkan ló ń san owó padà. Àkàrà Fìdítì kò san kọ́bọ̀ fún mi, ìyẹn tí a bá yọ adùn rẹ̀ kúrò.

Àpẹẹrẹ Lael yìí ló tún jẹ́ kí n rí i pé ìgbàgbọ́ eré sísá yìí ń ṣe àwọn kan níbi. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ líle ni gbogbo rẹ̀, a jẹ́ pé obìnrin kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2019, ọmọbìnrin Jámánì kan tó jẹ́ ẹni ọdún 24, Fiona Kolbinger, ló gba ipò kìíní níwájú gbogbo ọkùnrin nínú Transcontinental Race, láti Bulgaria dé etí òkun ilẹ̀ Faransé. Ìdíje yẹn, Mike Hall kan náà ló dá a sílẹ̀. Kò sí láyé láti rí i. Mọ́tò kọlù ú, ó sì pa á ní Ọsirélíà lọ́dún 2017, níbi tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ nínú ìdíje mìíràn.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò gba eré. Tí òjò bá rọ̀ ní New Mexico, ẹrẹ̀ ibẹ̀ máa ń lẹ̀ bí àmàlà. Ó ń wọ àárín táyà àti férémù títí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí irin àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, àwọn méjèèjì á gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká ni. (Ìlú kan wà lójú ọ̀nà yẹn tó ń jẹ́ Cuba. Kì í ṣe Kúbà tiwa, ti àwọn Lukumí, àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀ o. Ọkàn mi kọ́kọ́ fò nígbà tí mo rí i lórí máàpù.) Nínú ìdíje mìíràn tí wọ́n ń ṣe ní ìpínlẹ̀ Arizona, l'Amẹ́ríkà níbẹ̀ náà, ó tún le jù bẹ́ẹ̀: ẹ ó gba inú Grand Canyon kọjá, kòtò ńlá nì, òfin ọgbà ìjọba sì ni pé táyà kò gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ó tú kẹ̀kẹ́, ẹ ó dì í mẹ́yìn, ẹ ó fi ẹsẹ̀ rin ohun tó lé ní kìlómítà 30, sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ tó tún gòkè sí òdìkejì.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi. Kò fèsì púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹfà tó tẹ̀ lé e, fóònù mi dún ní aago méjì òru. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Àmì ẹni tó ń ṣáájú kò mira láti wákàtí mẹ́ta. Ẹnìkejì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Mo wo máàpù. Kò sí ṣọ́ọ̀bù nítòsí, kò sí ilé.

"Ó ń sùn," ni mo wí. "Ìwọ náà lọ sùn."