Ohun tí a máa tú, kí a má fi kọnkéré kọ́ ọ

Lẹ́yìn ìnáwó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, a dúró wo òṣìṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń fi òòlù ńlá fọ́ pèpéle kọnkéré tí wọn kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Eruku bò wọ́n lójú. Àfọ́kù rẹ̀ wà létí gọ́tà títí òjò fi gbá a wọnú rẹ̀, omi sì ya wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn aládùúgbò. Ó dùn wá gan-an. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ má fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní 2015, àwọn olùwádìí Gramazio Kohler Research ní ETH Zurich, yunifásítì kan ní Switzerland, àti Self-Assembly Lab ti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé ohun kan dúró ní Chicago láìlo sìmẹ́ǹtì tàbí gọ́ọ̀mù. Òkúta wẹ́wẹ́ àti okùn nìkan ni. Róbọ́ọ̀tì á tẹ́ okùn lóbìrípo nínú àpótí, òkúta á bò ó, á tún tẹ́ òmíràn lé e. Bí wọ́n bá yọ àpótí, òkúta tí okùn kò dì mú á dà nù, ìyókù á dúró gbọin. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tú u, wọ́n á fa okùn náà, wọ́n á ká a, òkúta á sì dà wálẹ̀ wàrà. Nígbà tó di 2018, àwọn ti ETH Zurich fi òpó bẹ́ẹ̀ gbé òrùlé irin ró níta gbangba ní ìlú Winterthur ní Switzerland.

Ìyá tó ń wọn gaàrí ní ọjà Òkè-Ajé mọ ìdí rẹ̀. Òkìtì orí kọ́ńgò kì í tètè wó, torí hóró ń di hóró mú. Òkúta tó ní igun tún le jù bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ okùn ni kó má jẹ́ kó fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwọn baba wa náà kò ra sìmẹ́ǹtì kí wọ́n tó ṣe Erédò Ṣùngbọ́, tó gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà nínú yàrà ni wọ́n kó jọ di odi.

Róbọ́ọ̀tì wọ́n, a mọ̀. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ lè kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ́ okùn òpó kékeré kan, kí wọ́n di ẹrù lé e, kí wọ́n mọ ohun tó lè gbé kí ẹnikẹ́ni tó dúró lábẹ́ rẹ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ sanwó rẹ̀. Bó bá yege, kí wọ́n gbé ọ̀kan kalẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, kí wọ́n tú u lọ́jọ́ kejì lójú gbogbo ènìyàn, kí típà sì kó òkúta rẹ̀ lọ dí kòtò ojú títì.