Ṣé kí n ra jíìpù tòkunbọ̀ nítorí ọ̀nà oko?

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oko kòkó wa wà lẹ́yìn Aládé-Ìdànrè. Ọ̀nà abà yẹn kò rí ọ̀dà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti là á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Camry bàbá mi ń gbìyànjú, àmọ́ tí òjò bá ti dé, ẹrẹ̀ ni títí dé abà. Ìkórè ńlá sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀nà burú jù lọ. Ẹ rántí pé lọ́dún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Díẹ̀ ṣì kù nínú owó ìgbà yẹn. Jíìpù tòkunbọ̀ méjì ni mo rí lọ́dọ̀ dílà kan l'Ákùúrẹ́: Toyota 4Runner 2005, mílíọ̀nù 12, Nissan Xterra 2006, mílíọ̀nù 8. Bàbá mi ní kí n má dáwọ́ lé e, pé epo ló máa jẹ wá tán. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Oníkòkó: Ọmọ mi, bàbá rẹ kò purọ́. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún 2023, lítà kan kò tó ₦200. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024, ó ti gorí ₦1,000. Jíìpù méjèèjì tí o dárúkọ yìí, ẹ́ńjìnnì 4.0 ni wọ́n sábà máa ń gbé. Lítà 14 sí 15 ni wọ́n ń mu lórí kìlómítà 100, ọ̀nà ọ̀dà ni mo sì ń sọ, n kò tíì dé inú ẹrẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Àpò kòkó gbígbẹ kan lé ní 60 kìlógíráàmù. Kó àpò mẹ́wàá sẹ́yìn jíìpù, kí èèyàn mẹ́ta jókòó síwájú, kí o wá wo bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe máa lọlẹ̀. Hilux ń ru ohun tó súnmọ́ tọ́ọ̀nù kan. Píkọ́ọ̀pù ni mọ́tò àgbẹ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ ṣé mà. Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa ló ń fi ọkọ̀ tirẹ̀ wá kó o ní abà. Ohun tí mo fẹ́ gbé ni àwọn òṣìṣẹ́, oògùn kòkó, ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́n ọn, àti màmá mi. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kò lè gun ọ̀kadà mọ́, wọn kò sì gbà láti jókòó sílé lákòókò ìkórè. Hilux tó ṣeé fojú rí, owó rẹ̀ ti ju tiwa lọ.

Ìyá Oníkòkó: Màmá rẹ ló yẹ kí o kọ́kọ́ dárúkọ. Síbẹ̀, mi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ epo o.

Adé Olóko: Àbúrò, Xterra ni kí o rà. Òun ni mò ń wà lọ sóko ní Òkè-Ògùn. Ṣáásì píkọ́ọ̀pù Frontier ni wọ́n kọ́ ọ lé, kì í ṣe ìsàlẹ̀ káà tí wọ́n kàn gbé ga. Ṣéènì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, o kò ní máa páyà pé bẹ́líìtì fẹ́ já. Mílíọ̀nù mẹ́rin tí o máa rí dá dúró, fi ra táyà, fi ra epo, kí bàbá rẹ lè fọkàn balẹ̀.

Mẹkáníìkì Àkúrẹ́: Ẹ̀gbọ́n Adé, gbogbo ohun tí ẹ sọ yẹn rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò dárúkọ rédíétọ̀. Xterra ọdún 2005 sí 2010, inú rédíétọ̀ ni pọ́ìpù tó ń tu epo gíà nínú gbà kọjá. Tó bá dá lu níbẹ̀, omi á wọ inú gíà, gíà á sì kú. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀ fi kún iye ọdún wáráńtì tó ṣe lórí rédíétọ̀ náà l'Amẹ́ríkà nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò, tí o bá dé ọ̀dọ̀ dílà, jẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀pá tí a fi ń wọn epo gíà. Bóòtù ni wọ́n fi dè é, nítorí náà mú sípánà 10 dání, torí wọ́n lè sọ fún ọ pé kò ṣeé yọ. Epo tó dáa máa ń pupa, á sì mọ́ gaara. Tó bá rí bíi zobo tí wọ́n bu mílíìkì sí, kí wọ́n báà fi mọ́tò náà ta ọ́ lọ́rẹ, má gbà á.

Adé Olóko: Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ rédíétọ̀, tó sì gbé ìtutù gíà síta lọ́tọ̀, ó ti bọ́ nínú rẹ̀. Ṣé 4Runner kò ní àléébù tirẹ̀ ni?

Ará Chicago: Ó ní in, sà. Ìpẹtà ni. Níhìn-ín, tí yìnyín bá ti bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú pópó, iyọ̀ yẹn sì máa ń jẹ ṣáásì láti inú wá síta. Mọ́tò tó lo ìgbésí ayé rẹ̀ ní àríwá Amẹ́ríkà lè máa dán lókè kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Àwọn dílà kan á fọ́n ọ̀dà dúdú bo gbogbo abẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá rí abẹ́ mọ́tò ogún ọdún tó dúdú minimini bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é, ẹ mú òòlù kékeré, ẹ fi kan ṣáásì, pàápàá lápá ẹ̀yìn, lókè táyà. Irin tó le á dún gbọnrangandan. Èyí tó ti jẹ á dún bọ́ọ̀bọ́ọ̀. Ẹ tún gba VIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, kí n bá yín wò ó, ká mọ ìpínlẹ̀ tó ti wá, ká sì mọ̀ bóyá ó ti rì sínú omi rí.

Bàbá Ìbejì: Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Táyà ló ń yọ mọ́tò nínú ẹrẹ̀! Mo ti rí jíìpù onítáyà mẹ́rin-ń-yí (4x4, tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) tó rì tipátipá nítorí táyà ọ̀nà márosẹ̀ ló wọ̀, tí ẹrẹ̀ ti dí gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà. Tí ẹ bá rí 3512, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Irú ìyẹn, ẹ jù ú nù, ì báà ṣe pé ojú rẹ̀ ṣì tuntun.

Ará Chicago: Ọ̀rọ̀ onítáyà mẹ́rin-ń-yí tí bàbá sọ yìí rán mi létí nǹkan. Kì í ṣe gbogbo 4Runner tàbí Xterra ló ní in. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì wọ́n. Ẹ wo VIN 4Runner yẹn. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JTEBU, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí. Tó bá jẹ́ JTEZU, méjì ni.

Mẹkáníìkì Àkúrẹ́: Kó tún wọ abẹ́ rẹ̀. Tí kò bá sí ọ̀pá irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti lọ. JTEZU ni! Dílà ṣì ń bá mi jà pé "gbogbo jíìpù ni 4x4". Mo wọ abẹ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan níwájú. Xterra ní tirẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí. Mo dúró, mo gbé e sí N, mo yí i sí 4LO (mẹ́rin-ń-yí tó lágbára, tó sì ń rìn jẹ́jẹ́), iná rẹ̀ ṣẹ́jú díẹ̀ kó tó tàn dúró. Nígbà tí mo gbé e sí D, tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búrékì, ó ń rìn jẹ́jẹ́ gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà wọn láìjẹ́ pé mo tẹ epo. Epo gíà pupa, ó mọ́. Ṣáásì dún gbọnrangandan níbi gbogbo tí mo kàn. Táyà mẹ́ta nínú mẹ́rin ti gbó.

Adé Olóko: Mo ti sọ bẹ́ẹ̀!

Bàbá Ìbejì: Gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí o pààrọ̀, kí wọ́n jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Tí o bá fi sí mẹ́rin-ń-yí pẹ̀lú táyà tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, inú gíà lo ń bàjẹ́. Má sì fi sí 4H (mẹ́rin-ń-yí tó ń sáré) lórí ọ̀dà gbígbẹ.

Mẹkáníìkì Àkúrẹ́: Rédíétọ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tó máa jò o. Kó o tó wà á lọ sí Ìdànrè, gbé e wá. Wàá ra rédíétọ̀ tuntun, màá gbé ìtutù gíà síta lọ́tọ̀. Yọ owó iṣẹ́ yẹn àti ti táyà kúrò nínú mílíọ̀nù mẹ́jọ nígbà tí o bá ń ná an.

Ìyá Oníkòkó: Ó dáa, ẹ ti yí mi lọ́kàn padà díẹ̀, nítorí màmá rẹ ni. Camry yẹn, ẹ má tà á o. Òun ni kí ẹ máa wà lọ s'Ákùúrẹ́, kí jíìpù má máa lọ ra búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ìwé aṣọ́bodè dà? Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Tí ìwé rẹ̀ kò bá ti èbúté ọkọ̀ ojú omi wá, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ lójú ọ̀nà.

Ọmọ Àgbẹ̀: Mo bi í, mà. Ó ní ìwé wà ní Èkó, pé kí n san ìdajì kó tó lọ gbé e. Mo ní kó lọ gbé e wá ná; n kò ní san kọ́bọ̀ kí n tó rí i.