Ọjọ́ 21 tó tẹ̀lé ìbò káńsù ní Scotland

Títí dòní, àwọn kan ṣì ń sọ pé ńṣe ni wọ́n já káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) Edinburgh, olú ìlú Scotland, gbà mọ́ SNP (Scottish National Party, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Scotland dá dúró) lọ́wọ́ lọ́dún 2022. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Àga 63 ló wà ní káńsù náà. Nígbà tí wọ́n ka ìbò 5 May tán, SNP ní 19, Labour 13, Liberal Democrat 12, Green 10, Conservative 9. Kí ọkàn ẹnikẹ́ni tó lè balẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, èèyàn 32 ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. SNP àti Green para pọ̀ jẹ́ 29. Labour, Liberal Democrat àti Conservative jẹ́ 34. Nígbà tí ẹgbẹ́ mẹ́ta yìí fẹ́ dìbò gbé Labour wọlé, káńsílọ̀ Labour méjì kọ̀, wọn ò bá wọn dìbò sí i, ẹgbẹ́ sì ní kí wọ́n lọ rọ́kún nílé. 34 yọ 2, ó ku 32 géérégé. Bí Cammy Day ti Labour ṣe di olórí káńsù nìyẹn, ní 26 May. Òfin ní ìpàdé àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìbò. Ọjọ́ tó pé 21 gan-an ni wọ́n ṣe é.

Kò sí olè níbẹ̀. Láti 2007 tí Scotland ti ń fi STV (ìbò tí olùdìbò ti ń kọ 1, 2, 3 síwájú àwọn tó fẹ́, bó ṣe fẹ́ wọn sí) dìbò káńsù, ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù kì í ṣàdédé gba ìjọba. Nínú káńsù 32, méjì péré ni ẹgbẹ́ kan ti ní ju ìdajì lọ lọ́dún 2022: SNP ní Dundee, 15 nínú 29, àti Labour ní West Dunbartonshire, 12 nínú 22. Àwọn tí kò ní ẹgbẹ́ ló pọ̀ jù ní erékùṣù mẹ́ta. Àwọn 27 yòókù, àfi kí wọ́n dúnàá dúrà.

Ìdúnàádúrà yẹn ló ń bí mi nínú, torí ẹ̀yìn ìbò ni aráàlú ń gbọ́ ọ. Anas Sarwar, olórí Labour ní Scotland, ti sọ ṣáájú pé ẹgbẹ́ òun ò ní bá ẹnikẹ́ni da ìjọba pọ̀. Lóòótọ́, wọn ò da ìjọba pọ̀ ní Edinburgh. Labour nìkan ló jókòó, àwọn méjì yòókù kàn nawọ́ fún un. Àmọ́ kí lẹni tó kọ 1 síwájú Labour, tó kọ 2 síwájú Green, mọ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń dìbò? Kì í sì í ṣe àkọ́kọ́. Ní Aberdeen lọ́dún 2017, káńsílọ̀ Labour mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ dá dúró torí pé wọ́n bá Conservative ṣe. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ sílẹ̀, káńsù kan sí èkejì, kí ìbò tó dé: ẹni tí wọ́n lè bá ṣe, àti ẹni tí wọn ò ní bá ṣe láé.

Ẹ má fi nọ́ńbà yín ṣòfò o. Ká ní ìbò 10,000 ló dára ní wọ́ọ̀dù tó ní àga mẹ́rin. Wọ́n á fi 5 (iye àga àti ẹyọ kan lé) pín in, wọ́n á fi 1 kún un: 2,001 ni èèyàn máa ní kó tó wọlé. Ẹni tó bá rí 2,500 ti wọlé, ó sì fi 499 lé. Gbogbo ìwé 2,500 yẹn ni wọ́n máa gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà ní 2 lórí wọn, ìwé kọ̀ọ̀kan ní iye 0.1996. Ẹ bá dúró sí 1 nìkan, tiyín parí síbẹ̀. Ẹ bá fi X sí iwájú èèyàn méjì, wọ́n á da ìwé yín nù. Bí ẹgbẹ́ yín bá sì fa èèyàn méjì kalẹ̀, ẹ wò ó dáadáa: ABD ni wọ́n fi ń to orúkọ, ẹni tó wà lókè ni ọ̀pọ̀ ń fún ní 1 láìronú, tìsàlẹ̀ á wá já bọ́.

Ọmọ Nàìjíríà tó ní físà, tó ti pé ọdún 16, lè dìbò káńsù níbẹ̀ bó bá ti forúkọ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè dìbò. Wọn ò ní béèrè káàdì tó ní fọ́tò. May 2027 ló kàn. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè: ní ìpàdé àkọ́kọ́, ta lẹ máa nawọ́ fún?