Labalábá tó ń wọlé nírọ̀lẹ́ kì í ṣe àjẹ́

Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa ní Àbújá, tí ilẹ̀ sì fẹ́ ṣú, labalábá ńlá kan tó jọ ewé gbígbẹ máa ń wọ ilé àwa ará Kubwa. Kó tó bà sára ògiri, bàtà ti gbéra. "Àjẹ́ ni! Ẹ má jẹ́ kó padà lọ jíṣẹ́!" Bí ìyá àgbà kan bá wà nínú ọgbà, tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó, òun ni wọ́n á máa wò sùn-ùn lọ́jọ́ kejì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí.

Irọ́ gbuu ni, ẹ̀yin ará mi. Labalábá lásán ni. Melanitis leda ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó wà káàkiri Áfíríkà, ó dé Éṣíà, ó dé Ọsirélíà. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí àwọ̀ wọn jọ tirẹ̀ wà nínú igbó etí odò lórí òkè Mambilla.

Wọ́n ní kí ló ń fi alẹ́ rìn fún? Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Lọ́sàn-án, á ba sílẹ̀ láàárín ewé tó ti rẹ̀. Àṣálẹ́ ló ń fò. Iná wa ló ń fà á wọlé. Òórùn máńgòrò tó ti rà lẹ́yìnkùlé náà ń pè é, torí èso rírà àti oje igi ni oúnjẹ rẹ̀.

"Ojú" tó wà létí ìyẹ́ rẹ̀ ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ wò ó dáadáa tó bá pa ìyẹ́ pọ̀: òrùka dúdú, àmì funfun bíńtín láàárín. Ẹyẹ tàbí aláǹgbá tó fẹ́ jẹ ẹ́ á rò pé ibẹ̀ ni orí wà, á ṣá a létí ìyẹ́, labalábá á sì fò lọ tòun ti aṣọ fífàya. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewé gbígbẹ bá kún ilẹ̀, àwọn ojú yẹn á kéré débi pé wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, torí ìfarapamọ́ ló kù tó lè gbà á. Bí ooru ṣe mú tó nígbà tó ṣì jẹ́ kòkòrò aláwọ̀ ewé tó ń jẹ koríko wà lára ohun tó ń pinnu èyí tó máa dà.

Ẹ ka ẹsẹ̀ tó fi dúró: mẹ́rin ni. Méjì iwájú kéré, ó ká wọn mọ́ àyà. Bí ẹbí rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe àmì ohunkóhun. Kì í buni jẹ, kì í tani.

Tó bá wọlé, ẹ pa iná yàrá, ẹ tan ti ìta, ẹ ṣí fèrèsé. Á wá ọ̀nà jáde fúnra rẹ̀.