Owó nìkan kọ́ ló lé wọn sójú agbami
Nínú àpilẹ̀kọ yín, ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé owó làwọn ará Vietnam tó ń fi ọkọ̀ ojú omi sá wá sí Hong Kong ń wá, pé ìdí nìyẹn tí ìjọba Hong Kong, tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fi yí òfin padà lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹfà, 1988, ló dùn mí. Kó tó dọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ti gúnlẹ̀ ti di ogúnléndé lójú òfin. Láti ọjọ́ náà, àtìmọ́lé ni, títí wọ́n á fi yẹ ọ̀rọ̀ kálukú wò bóyá ogúnléndé ni lóòótọ́. Ẹni tó ti wà lórí omi nígbà tí wọ́n ń jíròrò ńkọ́? Ta ló sọ fún un?

Èmi àti ìyá ará Vietnam kan jọ gbélé ní Deptford, ní London. Ìjọba Saigon, ìyẹn ìjọba Gúúsù Vietnam, lọkọ rẹ̀ ṣe sójà fún. Lẹ́yìn tí ìjọba náà ṣubú ní 1975, àwọn Kọ́múníìsì tó ṣẹ́gun mú un lọ sí àgọ́ ìyà. Ọjọ́ tí màmá sọ fún mi bí omi mímu ṣe tán nínú ọkọ̀ wọn, ńṣe ló ń nu tábìlì tó ti mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Thatcher, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, gbà ní 1979 láti jẹ́ kí 10,000 nínú wọn wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òótọ́ ni, Hong Kong náà sì kéré. Àmọ́ àwọn 51 tí wọ́n fi tipátipá dá padà sí Vietnam láti Hong Kong ní oṣù Kejìlá 1989, òru ni wọ́n kó wọn, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn.